Ibi Tí Wọ́n Bí Aránṣọ Sí

Ìgbà àkọ́kọ́ tí ọkùnrin náà wọ ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ, ihò ló kó wá. Ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ méjì àti ṣòkòtò kan ni, gbogbo wọn lu jára bí ajere. Ó tò wọ́n sórí tábìlì, ó dúró tì wọ́n bí ẹni tí wọ́n mú wá síwájú adájọ́.

Aránṣọ gbé ọ̀kan sókè sí fèrèsé. Ìmọ́lẹ̀ yọ nínú rẹ̀ níbi mẹ́tàdínlógún. Ó kà á.

"Ẹ̀yin lẹ ń wọ èyí, àbí ẹ fi ń jọ iyanrìn?"

"Irin ni mò ń jó, Àǹtí. Iná tó ń ta kò mọ ẹni tó dá a."

Ó sọ fún un pé aṣọ yìí ti kọjá àtúnṣe, sísin ló kù. Ọkùnrin náà ní kí ó ṣàánú òun, nítorí aṣọ náà ti mọ òun lára, aṣọ tuntun sì máa ń ha òun lọ́rùn. Aránṣọ gbà á. Ó lẹ̀ ẹ́ níhò kọ̀ọ̀kan, ó fi òwú tó bá àwọ̀ aṣọ mu rán an. Nígbà tí ọkùnrin náà padà wá, ó wo iṣẹ́ náà pẹ́ títí, ó ní òun ò rí ibi tí ihò wà mọ́. Ọ̀rọ̀ ìyìn tó sọ kò ju ìyẹn lọ, ó sì tó Aránṣọ.

Ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì ni Aránṣọ. Òun àti bàbá rẹ̀ ló ń gbé yàrá àti pálọ̀ tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ìyá rẹ̀ ti kú láti ìgbà tó wà lọ́mọ ọdún mọ́kàndínlógún. Bàbá ti fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n fọ bọ́ọ̀sì ní ọgbà ọkọ̀, ó ti fẹ̀yìntì, ó wá ń jókòó sídìí fèrèsé pálọ̀, ó ń ka ìwé ìròyìn tó ti pẹ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á kí ara wọn. Bí ó bá di ọ̀sán, Aránṣọ á bi í bóyá ebi ń pa á. Lẹ́yìn ìyẹn, ariwo máṣíìnì nìkan ló kù nínú ilé náà.

Ọkùnrin mẹ́ta ti wá fẹ́ ẹ rí. Ọ̀kan fẹ́ oúnjẹ. Ọ̀kan fẹ́ ibi tí yóò máa sùn sí. Ẹ̀kẹta fẹ́ ìwé, nítorí ó gbọ́ pé ọmọ orílẹ̀-èdè ni Aránṣọ, ẹni tó bá sì fẹ́ ẹ lè ti ara rẹ̀ gba tirẹ̀. Láti ìgbà náà ni Aránṣọ ti gbà pé bí ọkùnrin bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ dídùn, ó yẹ kí èèyàn kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tó ń wá.

Jórinjórin kì í sọ̀rọ̀ dídùn. Ihò ló ń kó wá. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń wá, tí á jókòó sórí àpótí, tí á máa wo ọwọ́ Aránṣọ bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, ó mú ṣẹ́ẹ̀tì kan wá tí ihò kan ṣoṣo wà lọ́rùn rẹ̀, roboto, bí ẹni fi kọ́bọ̀ wọ̀n ọ́n.

"Iná wo ló mọ iṣẹ́ ṣe báyìí?" ni Aránṣọ bi í. "Ṣé ẹ kì í dé akoto tó ń bo ọrùn ni?"

Jórinjórin wo ilẹ̀. "Sìgá ọ̀rẹ́ mi ni mo fi jó o."

"Nítorí kí ni?"

"Wọn ò fún wa níṣẹ́ irin lọ́sẹ̀ yìí. Kò sí ihò."

Aránṣọ kò rẹ́rìn-ín títí ọkùnrin náà fi lọ. Lẹ́yìn náà ó tan máṣíìnì sílẹ̀ kí Bàbá má bàa gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi dé ojú rẹ̀.

Ìyá Oníbúrẹ́dì, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Aránṣọ, ti ń wo gbogbo rẹ̀ látẹ̀yìn gíláàsì. Obìnrin tó sanra, tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń kọrin ni. Ó wá bi Aránṣọ pé ṣé ihò aṣọ nìkan ló ń bá ọkùnrin yẹn dí, àbí ihò ọkàn wà níbẹ̀. Aránṣọ ní kí wọ́n jẹ́ kí òun mọ èyí tí wọ́n ń sọ, òun ò gbọ́ èdè ọkàn. Ìyá Oníbúrẹ́dì ní ó dáa, òun á sọ ọ́ ní gbangba: ọkùnrin náà fẹ́ ẹ, ó ń tijú, ó sì ti bẹ òun láti ṣe alárinà. Ṣé kí òun lọ bá Bàbá?

"Ẹ lọ," ni Aránṣọ wí. Ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lórí aṣọ, ṣùgbọ́n ó ti fi abẹ́rẹ́ gún ara rẹ̀.

Bàbá kọ̀. Ìyá Oníbúrẹ́dì fi ohùn pẹ̀lẹ́ bẹ̀ ẹ́, ó fi búrẹ́dì gbígbóná bẹ̀ ẹ́, ó sọ pé ọkùnrin náà kì í mutí, kò ní ìyàwó níbì kankan, ọmọ orílẹ̀-èdè lòun náà, kò wá ìwé wá. Bàbá ní òun ti gbọ́. Obìnrin náà bi í pé kí ni ẹ̀ṣẹ̀ ọkùnrin náà gan-an, Bàbá ní kò wu òun. Ó ṣí ìwé ìròyìn rẹ̀, ó fi bojú.

Èyí ya Aránṣọ lẹ́nu. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì kọ́ ni bàbá máa ń dí lọ́wọ́. Ó rò pé bóyá ẹ̀rù ń bà á láti dá wà. Nítorí náà kò bá a jà, ó kàn ń bá Jórinjórin rìn. Bí wọ́n bá ti ti ṣọ́ọ̀bù nírọ̀lẹ́, wọ́n á rìn dé ibi tí títì ti parí létí ọgbà ọkọ̀, wọ́n á sì padà. Níbẹ̀ ló ti sọ fún un nípa ìyá rẹ̀, níbẹ̀ ló sì ti ṣíwọ́ fífi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀.

Oṣù mẹ́jọ kọjá. Ní ọ̀sán Sátidé kan, Jórinjórin wọlé láìmú aṣọ kankan dání. Ó ti ríṣẹ́ ní ọgbà tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi, ní orílẹ̀-èdè mìíràn, fún ọdún márùn-ún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ló kù kó lọ.

"Mi ò mọ ọ̀rọ̀ sọ," ló wí. "Iṣẹ́ wà. Wọ́n ń fún tọkọtaya ní yàrá. Mo ti ní kí wọ́n fún mi ní ti ẹni méjì. Mo fẹ́ kí ẹnì kejì jẹ́ ìwọ."

Aránṣọ wò ó. Ó ń wá ibi tí ẹ̀tàn wà nínú ọ̀rọ̀ náà, kò rí i.

"Èmi náà fẹ́," ló dá a lóhùn.

Ọ̀rọ̀ ọmọ ló kù. Àwọn méjèèjì fẹ́ ọmọ, ọjọ́ orí kò sì dúró de ẹnikẹ́ni. Jórinjórin ti lọ béèrè. Ibi tí wọ́n ń lọ kì í sọ ọmọ àlejò di ọmọ wọn. Bí ìyàwó òṣìṣẹ́ bá wá sílé bímọ, tó sì lò ju oṣù mẹ́ta lọ, wọ́n á fagi lé ìwé ìgbé rẹ̀, á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ọdún méjì. Ìwé Jórinjórin kò sì lè ran ọmọ lọ́wọ́, nítorí ẹ̀yìn odi ni wọ́n bí òun náà sí, fún òbí tó gbàwé di ọmọ orílẹ̀-èdè. Òfin ka òun alára sí ọmọ orílẹ̀-èdè, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ló parí sí, kò lè dé orí ọmọ rẹ̀.

"Tìrẹ ló máa gbà wá," ló wí. "Ìwọ, ibí ni wọ́n bí ọ sí."

"Orí bẹ́ẹ̀dì tó wà lẹ́yìn ògiri yìí ni. Kí ni mo máa mú wá?"

Ó ní kó lọ gba ìwé ẹ̀rí ní ọ́fíìsì.

Ní ọjọ́ Ajé, Aránṣọ ti ṣọ́ọ̀bù, ó lọ tò. Akọ̀wé ọkùnrin kan tí ọ̀fìnkìn ń bá jà ló dá a lóhùn. Ó gba orúkọ rẹ̀, ó wọlé lọ, ó gbé ìwé ńlá kan jáde, ó fi ìka wá a.

"Ọmọ orílẹ̀-èdè nípa ìran ni yín," ló wí.

"Kí ni ìyẹn?"

"Pé ẹ̀yìn odi ni wọ́n bí yín sí, fún bàbá tó ti gbàwé níbí. Nítorí tirẹ̀ lẹ fi jẹ́ tiwa. Kò burú. Àmọ́ orí yín ló parí sí. Bí ẹ̀yin náà bá bímọ sẹ́yìn odi, ọmọ yẹn kì í ṣe tiwa."

Aránṣọ sọ fún un pé àṣìṣe ni. Ó sọ orúkọ títì, ó sọ nọ́ńbà ilé, ó sọ pé agbẹ̀bí tó ń gbé ní òdìkejì títì nígbà náà ló gbẹ̀bí òun. Akọ̀wé náà fọn imú, ó yí ìwé náà sí i. Níbi tí wọ́n kọ "ibi ìbí" sí, orúkọ ìlú bàbá rẹ̀ ló wà níbẹ̀, ìlú tí Aránṣọ kò fẹsẹ̀ tẹ̀ rí. Lábẹ́ rẹ̀ ni ìfọwọ́sí Bàbá wà, ó mọ̀ ọ́n, ó tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja.

"Ẹni tó sọ ọ́ ló lè wá sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀," ni akọ̀wé wí, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n kó rò ó dáadáa. Ó ti búra sí i. Ẹni tó gbàwé, tó wá búra èké, wọ́n lè gba ìwé náà padà."

Aránṣọ fẹsẹ̀ rìn délé. Bọ́ọ̀sì mẹ́ta kọjá lára rẹ̀, kò rí wọn.

Bàbá wà nídìí fèrèsé.

"Bàbá, níbo ni wọ́n bí mi sí?"

Ìwé ìròyìn náà rọra sọ̀ kalẹ̀. Bàbá kò wo ojú rẹ̀.

"Wọ́n ti fi hàn ọ́," ló wí.

Ọ̀rọ̀ náà kò gùn. Ọmọ oṣù mẹ́fà ni Aránṣọ nígbà tí Bàbá gbé e lọ forúkọ sílẹ̀. Ọdún méjì ṣáájú ìyẹn ló gba ìwé tirẹ̀, lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá lórí ìlà, inú rẹ̀ ṣì ń dùn, ó wọ kóòtù. Akọ̀wé ìgbà náà kò gbé orí sókè, ó kàn bi í pé níbo ni ọmọ yìí ti wá.

"Kí ni kí n wí?" ni Bàbá bi í. "Wọ́n bi mí níbi tí ọmọ mi ti wá. Ṣé kí n ní inú yàrá ló ti wá ni? Mo dárúkọ ìlú wa. Nílé wa, ìlú bàbá ni ìlú ọmọ, ì báà jẹ́ orí omi ni wọ́n bí i sí. Ó kọ ọ́, ó ní kí n búra, mo búra. Òótọ́ ni mo rò pé mo sọ."

"Ìgbà wo lẹ mọ̀?"

"Nígbà tí páásípọ́ọ̀tù rẹ dé, tí mo kà á, tí mo sì fi pa mọ́. O jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá."

"Ọdún mẹ́rìnlélógún, Bàbá."

"Mo mọ ìṣírò." Ó ká ìwé ìròyìn náà, ó tún un ká. "Ẹ̀rù bà mí. Àwọn tí mo mọ̀, tí wọ́n gba ìwé lọ́wọ́ wọn, wọ́n kó wọn sọ́kọ̀ bí ẹrù. Mo ní bí o bá dúró síbí, tí o bí tìrẹ síbí, kò ní sí ẹni tó máa bi ọ́. Jórinjórin yẹn, kò ṣẹ̀ mí. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń gbé èèyàn kiri. Mo mọ̀ pé ọjọ́ kan, ó máa ní kí o ká lọ."

Aránṣọ wo ọwọ́ bàbá rẹ̀, tí omi àti ọṣẹ ọgbà ọkọ̀ ti mú funfun láàárín ìka. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin. Bí ó bá ní kó lọ sọ òótọ́, wọ́n lè lé e lọ sí ìlú tí kò ní ẹnì kan mọ́. Bí kò bá sì sọ ọ́, ọmọ tí òun bá bí lọ́hùn-ún kò ní ní ibì kan tí wọ́n á ti pè é ní tiwọn. Ó jókòó sídìí máṣíìnì rẹ̀ títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Kò sí ẹni tó lè bá sọ ọ́. Bí ó bá sọ ọ́ fún Jórinjórin, yóò bẹ Bàbá, Bàbá yóò sì fọwọ́ sí i. Bí ó bá sọ ọ́ fún Ìyá Oníbúrẹ́dì, gbogbo títì ti gbọ́ nìyẹn.

Ó ní kí Ìyá Oníbúrẹ́dì sọ fún Jórinjórin pé òun ò lọ mọ́.

Ọjọ́ kejì ni Jórinjórin dé. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò jókòó.

"Ṣé o ò fẹ́ mi mọ́ ni?"

"Mi ò lọ."

"Ohun tí mo bi ọ́ kọ́ nìyẹn."

"Ohun tí mo máa dáhùn nìyẹn."

Jórinjórin ní kò burú, òun kì í bẹ èèyàn lẹ́ẹ̀mejì, bàbá òun ló kọ́ òun bẹ́ẹ̀, òun ò sì mọ̀ bóyá ẹ̀kọ́ náà dára. Ó lọ. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn náà, ó wọkọ̀ òfuurufú. Ìyá Oníbúrẹ́dì ní wọ́n máa ń sọ pé bí a bá mojú ọkọ tán, alárinà á yẹ̀ba. Tòun, ọkọ ló yẹ̀, ó wá ku òun alárinà. Aránṣọ kò rẹ́rìn-ín, Ìyá Oníbúrẹ́dì sì gbé búrẹ́dì kan kalẹ̀ fún un, ó lọ.

Oṣù márùn-ún tó tẹ̀ lé e kò ní ìtàn. Àwọn èèyàn ń mú aṣọ wá, wọ́n ń gbà á padà. Jórinjórin pe fóònù lẹ́ẹ̀kan, Aránṣọ bi í bí ara rẹ̀ ti rí, ó ní ó le, òjò sì pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n sì pa fóònù. Àárín òun àti Bàbá kò dàrú, kò sì tún dán. Ó ń bi í bóyá ebi ń pa á, Bàbá ń ní rárá.

Ó ṣàkíyèsí pé Bàbá ti ń jáde. Bí ó bá bi í, á ní òun ń na ẹsẹ̀. Ní ọjọ́rú kan, ó rí i tó wọ kóòtù, tó so táì, tó ń jáde láàárọ̀. Ọ̀sán ti pọ́n kó tó padà. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù, èyí tí kì í ṣe tẹ́lẹ̀, ó jókòó sórí àpótí, ó gbé ìwé pélébé kan sórí aṣọ tí Aránṣọ ń rán.

"Mo ti sọ fún wọn," ló wí.

Aránṣọ kà á. Wọ́n ti tún àkọsílẹ̀ rẹ̀ ṣe nínú ìwé ńlá náà. Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, kó wá gba ìwé tuntun: ọmọ orílẹ̀-èdè nípa ìbí.

Bàbá ṣàlàyé ní díẹ̀díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi wá agbẹ̀bí náà kiri. Obìnrin náà ti darúgbó, ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ ló wà, ṣùgbọ́n ìwé tó ń kọ orúkọ àwọn ọmọ sí kò sọnù. Agbẹ̀bí náà tẹ̀ lé Bàbá lọ sí ọ́fíìsì, ó sì búra. Obìnrin tó wà ní káńtà bi Bàbá pé kí ló dé tó fi parọ́ nígbà náà. Ó ní òun ò parọ́, ìbéèrè wọn ni kò gún. Obìnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní òun ò gbọ́ irú rẹ̀ rí.

"Tiyín ńkọ́?" ni Aránṣọ bi í. Ohùn rẹ̀ le ju bó ṣe fẹ́ lọ. "Ìwé tiyín dà?"

"Ó wà lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n ní àwọn á yẹ̀ ẹ́ wò. Kí n máa wá fojú hàn lóṣooṣù."

"Ta ló rán yín níṣẹ́?"

Bàbá tú táì rẹ̀. "Ò ń rán aṣọ tí kò sí ẹni tó gbé e wá," ló wí. "Mo máa ń gbọ́ ọ. O máa ń tẹ máṣíìnì yẹn lórí àkísà, kí n lè rò pé iṣẹ́ lò ń ṣe. Oṣù márùn-ún. Mo ní, ìwé wo ni mo wá ń pa mọ́?"

Aránṣọ ní òun ò lè fi í sílẹ̀ lórí irú ọ̀rọ̀ yìí. Bàbá ní òun ti bá Ìyá Oníbúrẹ́dì sọ ọ́, obìnrin náà ni yóò máa tẹ̀ lé òun lọ sí ọ́fíìsì. Bí wọ́n bá gba ìwé náà, wọ́n á gbà á bí Aránṣọ wà níbí, wọ́n á sì gbà á bí kò sí níbí. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó wọlé lọ, ó ti ilẹ̀kùn àárín kí ọmọ rẹ̀ lè pe fóònù.

Aránṣọ kò pe alárinà. Ó tẹ nọ́ńbà náà fúnra rẹ̀. Nígbà tí Jórinjórin gbé e, ariwo irin pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó ní kó dúró kí òun bọ́ síta.

"Ṣé àyè ṣì wà?" ni Aránṣọ bi í.

Aránṣọ gbọ́ atẹ́gùn. Ó rò pé fóònù ti já.

"Mo ti kọ̀wé sí wọn," ni Jórinjórin wí níkẹyìn. "Mo ní kí wọ́n gbé mi lọ sí yàrá ẹnì kan. Kò dára kéèyàn máa wo bẹ́ẹ̀dì kejì. Wọ́n ti gbà."

"Mo gbọ́," ni Aránṣọ wí. Ó di etí tábìlì mú.

"Ṣùgbọ́n mi ò tíì kó lọ."

"Ìgbà wo ni?"

"Ọjọ́ Ẹtì."

"Má kó lọ."

Ó bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀. Aránṣọ ní ọ̀rọ̀ náà gùn, òun á sọ ọ́ nígbà tí òun bá dé, ó sì tún un sọ, pé kó má kó lọ. Jórinjórin ní òun ti gbọ́. Ó ní òun ń lọ bá wọn ní ọ́fíìsì nísinsìnyí, kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn. Aránṣọ gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń sáré lórí irin kó tó rántí pa fóònù.

Nígbà tó wọlé, Bàbá kò sí nídìí fèrèsé. Ẹ̀yìn ló wà, ó dúró níwájú ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ó ti bọ́ kóòtù. Ó kó ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ díẹ̀ mọ́ àyà.

"Kí ló wí?"

"Ó ní òun ò tíì kó lọ."

Bàbá mi orí. Ó wo àwọn bọ́tìnnì ẹ̀rọ náà, ẹni tó ti fọ bọ́ọ̀sì fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

"Wá fi bí wọ́n ṣe ń tan nǹkan yìí hàn mí," ló wí.

Aránṣọ fi hàn án. Kò yé e. Ó tún fi hàn án. Ní ìgbà kẹta, ó ní kí ọmọ rẹ̀ mú ọwọ́ kúrò níbẹ̀, ó sì tàn án fúnra rẹ̀.